Orúkọ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Ẹ má bi mí bóyá inú ń bí mi. Inú ń bí mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, dókítà sì ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi títí ẹnu rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n àgbà tí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún mi, tó wá ní inú kò bí òun, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò yìí ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún yín, pé ẹ̀ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Ó dáa. Ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó wà níkùn mi jáde.

Iṣẹ́ ère símẹ́ńtì ni mo ṣe, ère orí sàréè. Ẹ ti rí wọn: bàbá tó jókòó sórí àga pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá ìtilẹ̀, ìyá tó wé gèlè, kìnnìún méjì lẹ́nu géètì. Láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí dé Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, púpọ̀ nínú àwọn òkú tó ń wò yín bí ẹ bá ń kọjá lórí ọ̀kadà, ọwọ́ mi tàbí ọwọ́ ọ̀gá mi ni wọ́n ti jáde.

Ní nǹkan bí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ-ọmọ mi obìnrin mú ìwé kan wálé. Ìwé tuntun, bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán ère símẹ́ńtì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló kún inú rẹ̀ bámú. Mo wọ awò ojú mi, mo ṣí i. Kò pẹ́ tí mo fi kan Bàbá Ìmùṣin, ère tí mo fi ọwọ́ méjèèjì yìí mọ nígbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì kún. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, kódà èèyàn lè ka ìlà ọrùn rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹni tó ṣe é: a kò mọ̀."

A kò mọ̀! Ẹ gbà mí o! Èmi tí mò ń gbé níbi tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọjà? Èmi tí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ mọ ilé mi? Ta ni wọ́n bi léèrè tí wọn ò fi mọ̀? Mo ju ìwé náà mọ́lẹ̀, ìyàwó mi sáré jáde láti ìdí iná, ó ní kí ló wó.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọra ni pé mo mọ bí ìwé ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ṣe yẹ kó rí. Irú rẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́.

Bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n ní Ayépé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí wọ́n fi mú mi wá sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọnàsànyà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí n má fi bí wọ́n ṣe gbà mí dá yín dúró. Obì ni, ọtí ni, wọ́n gbàdúrà sí mi lórí, bàbá mi sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sílé.

Ọ̀gá mi ga, wọ́n sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń di ère. Símẹ́ńtì ti tà sí wọn lójú òsì nígbà èwe, ojú yẹn kì í là tán, ṣùgbọ́n ohun tí ojú yẹn bá fi ìdajì rí, ojú gbogbo wa ò lè rí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi jọ̀ yanrìn. Yanrìn ṣáá! Bí mo bá jọ̀ ọ́ tán, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ìka wọn bá kan òkúta kan, ẹyọ kan péré, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù sílẹ̀.

"Tún un ṣe."

"Ọ̀gá, òkúta kan ni, sà."

"Òkúta kan náà ló ń fọ́ imú òkú. Tún un ṣe."

Ọdún kejì, mo di ẹni tó ń tẹ irin. Kò sí ẹ̀rọ kankan, orúnkún la fi ń tẹ ẹ́, wáyà tí a fi ń so ó, eyín la fi ń fà á le. Ẹ wo eyín mi yìí. Ọdún kẹta ni wọ́n tó jẹ́ kí n mú ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń rẹ́ símẹ́ńtì, ọ̀bẹ tí wọ́n fi irin ìdí mọ́tò rọ. Igbálẹ̀ la fi ń ya irun ojú, ìkarahun ìgbín la fi ń dán ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ère bá tó, a ó fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, a ó sì máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó má baà sán. Ẹni tó bá gbàgbé omi ìrọ̀lẹ́, kò ní jẹun ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti febi sùn nítorí òkú olókùú.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dè mí mọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe òwe. Ìwé ni.

Oyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní àwòrán yíyà ló fún ọ̀gá mi ní ìwé náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ti máa ń wá ra kìnnìún kéékèèké lọ́wọ́ wọn. Ìwé ńlá ni, ó wúwo tó ìdajì búlọ́ọ̀kù, ìtàn ìgbésí ayé ayàwòrán agbẹ́kùúta kan ní ilẹ̀ Ítálì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ti kú láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán kún un. Ọ̀gá mi ò mọ̀wé kà, wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo di olùkàwé. Mo yá ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ tíṣà kan, mò ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti fọ irinṣẹ́ tán, a ó jókòó sórí àpò símẹ́ńtì, mà á ka ojú ewé kan. Ẹyọ kan. Bí mo bá fẹ́ ka èkejì, ọ̀gá mi á pa ìwé náà dé.

Orúkọ ọkùnrin náà ń ta wá láhọ́n, la bá sọ ọ́ ní Bàbá Alájà, nítorí ó fi bí ọdún mẹ́rin gbójú sókè ya àwòrán sí àjà ilé ìjọsìn kan, ọ̀dà sì ń kán sí i lójú. Ọ̀gá mi fọwọ́ kan ojú òsì wọn nígbà tí mo ka ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yẹn bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù kejì ló wà.

"Kí ló ń jẹ?"

"Wọ́n ní búrẹ́dì ni, sà."

"Búrẹ́dì nìkan? Abájọ tí ìbínú fi pọ̀ lára rẹ̀."

Mo kà á pé Bàbá Alájà máa ń wọ bàtà sùn, tó bá wá bọ́ ọ nígbà tó bá pẹ́, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá bàtà lọ. Ọ̀gá mi wo ẹsẹ̀ gbogbo wa yíká. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wẹ ẹsẹ̀ kí agogo márùn-ún tó lù." Mo kà á pé póòpù gan-an fi ọ̀pá gbá a lọ́jọ́ kan. "Oníbàárà ni," ni wọ́n wí. "Oníbàárà tí kò bá lu ni á bú ni. Kà á lọ."

Ṣé ẹ rí ohun tó ń bí mi nínú? Oyìnbó yẹn, wọ́n mọ ohun tó jẹ, wọ́n mọ ìgbà tó bọ́ bàtà, wọ́n mọ ẹni tó fọ́ ọ nímú nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́. Tèmi tí mo wà láàyè, tí mò ń jẹ gàrí láàárín ìlú, a kò mọ̀!

Ọjọ́ Sátidé kan, mo dé ojú ewé tó gbé wàhálà dé. Bàbá Alájà gbẹ́ ère ìyá kan tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sórí itan. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó wá gbọ́ tí àwọn àlejò ń yin ère náà, wọ́n ní agbẹ́kùúta ìlú ibòmíràn ló ṣe é. Inú bí i, ló bá yọ́ padà síbẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́, ó gbẹ́ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí àyà ìyá náà. Mo gbójú sókè, orí mi ti wú. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Ṣí ewé míì."

"Ẹ ò fẹ́ gbọ́ òpin rẹ̀ ni, sà?"

"Mo ní kí o ṣí ewé míì. Ní tiwa, ọmọ òkú nìkan ló ni orúkọ lẹ́sẹ̀ òkú. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá dán an wò, mà á lé e."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́sẹ̀ ère orí sàréè, a máa ń ṣe pátákó símẹ́ńtì kan, a ó kọ orúkọ àwọn ọmọ òkú sí i, láti orí àkọ́bí dé orí àbígbẹ̀yìn. Nǹkan ńlá ni pátákó yẹn. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé lẹ́yìnwá ọ̀la, ibẹ̀ ni ẹbí ń lọ wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọmọ ni. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kó lọ wá bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì tún ṣe é.

Ọdún karùn-ún ni. Oníṣòwò obì kan kú ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé iṣẹ́ ère rẹ̀ fún wa. Eéwo mú ọ̀gá mi lẹ́sẹ̀, wọn ò lè dìde. Wọ́n ní, "Ṣẹ́gun, lọ ṣe é. Ìwọ nìkan." Mo sáré lọ di irinṣẹ́. Bàbá olóbì yìí ò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ojú rẹ̀ jìn díẹ̀, imú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ó parí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ìyẹn ṣe ojú èèyàn? Mo wá àfọ́kù dígí kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, bí mi ò bá mọ bí ihò imú ṣe ń yí, mà á wo tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi mọ ọ́n. Nígbà tí mo ṣe ojú rẹ̀ tán, mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó, omi bọ́ lójú mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo wá kọ orúkọ àwọn ọmọ méje sí pátákó. Àyè ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkà wo ni àyè yẹn ṣe fún mi! Mo rántí Bàbá Alájà. Símẹ́ńtì ṣì tutù. Mo mú ìṣó, mo kọ OLUSEGUN sí i. Orúkọ náà nìkan. Mi ò kọ "ló ṣe é," torí àyè ò gbà á. Èrò mi ni pé gbogbo ayé á ti mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ọjọ́ ìṣíṣọlójú ère dé, èrò pé jọ. Wọ́n fa aṣọ funfun kúrò, àwọn èèyàn pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, inú mi dùn ju ti ọlọ́jọ́ ìbí lọ. Àkọ́bí ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ara pátákó sókè, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọmọ tó bá pè á ní, "Èmi nìyí," á jáde síta, á fọwọ́ kan orúnkún ère. Ó pe ọ̀kan, ó pe méjì, ó pe méje. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ wo pátákó náà. Ó wá kà á, "Olúṣẹ́gun."

Èmi ọmọ òmùgọ̀, mo dáhùn, "Èmi nìyí!"

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyálé òkú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ayépé ni mí, mà."

"Ayépé?" Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ṣé bàbá olóbì máa ń lọ ra obì ní Ayépé nígbà ayé rẹ̀, ó sì máa ń sùn síbẹ̀. "Ẹ wo imú rẹ̀! Ẹ wo imú ère, kí ẹ wo imú rẹ̀! Bàbá yìí bímọ síta!"

Èèyàn kì í gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ kó má kún un. Àwọn kan ń wo ojú mi, wọ́n ń wo ojú ère, wọ́n ń mi orí. Ẹnìkan ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ẹlòmíràn ní wọ́n fẹ́ wá pín ilé obì mọ́ àwọn lọ́wọ́ ni. Mò ń pariwo pé èmi ni mo ṣe ère, pé orúkọ oníṣẹ́ ni. Ta ló gbọ́? Àkọ́bí ní kí wọ́n lọ mú ìyá mi wá.

Wọ́n mú ìyá mi wá láti ìdí gàrí tí wọ́n ń yan, eérú ṣì wà lára ìró wọn. Wọ́n dá wọn dúró níwájú gbogbo èrò, níwájú òkú símẹ́ńtì, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọkùnrin yìí rí. Ìyá mi! Obìnrin tí kì í wo ojú ọkùnrin bó bá ń kí wọn! Ìyá mi ò sunkún. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn yíjú, wọ́n ń wò mí. Mo ti sin wọ́n láti ọdún gbọọrọ, ìwò yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Wọ́n gbé ọ̀gá mi dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n wo ère náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú eéwo yẹn.

"Ẹ̀yin ẹbí, ẹ foríjì mí. Èmi Ọnàsànyà ni mo ṣe ère yìí. Ọmọ yìí, yanrìn ló ń jọ̀. Mi ò rí fọ́tò bàbá, mo bá ní kó jókòó síwájú mi, mo fi ojú tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ìdí tí wọ́n fi jọra nìyẹn. Orúkọ tó kọ yẹn, eré ọmọdé ni. Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó máa lọ ilé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àgbà balẹ̀. Ìyálé òkú mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ ìyá mi. Ṣùgbọ́n èmi, ẹ̀jẹ̀ ń hó lórí mi. Èmi kọ́ ni mo ṣe é? Yanrìn ni mò ń jọ̀? Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi kígbe mọ́ mi, "Panu mọ́! Mú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì wá."

Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n ya bébà lára àpò símẹ́ńtì, wọ́n fa pẹ́ńsù káfíńtà yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú pátákó, wọ́n ń fa ìlà kan lórí bébà náà fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣírò símẹ́ńtì tí àtúnṣe máa jẹ ni. Wọ́n ká bébà náà sápò. "Ó yá. Gbẹ́ ẹ kúrò."

Mo gbẹ́ orúkọ mi kúrò pẹ̀lú ọwọ́ mi, níwájú gbogbo ìlú, níwájú ìyá mi. Ọ̀gá mi ní kí n fọ́ imú ère tó jọ tèmi náà. Mo fọ́ ọ. Ọ̀gá mi mọ imú tuntun sí i níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, imú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa rí nínú fọ́tò yẹn títí dòní.

Bàbá mi ò jẹ oúnjẹ ìyá mi títí iṣu tuntun fi jáde. Èmi náà ò lo ọdún yẹn tán lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo palẹ̀ mọ́, wọn ò sì ṣe àjọyọ̀ òmìnira tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ tó parí fún mi. Mo sọ fún wọn lójú ara wọn, "Ẹ gba ère mi lọ́wọ́ mi, sà." Wọ́n ní, "Mo gbà á." Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. A ń gbé ìlú kan náà, bí mo bá rí wọn lókèèrè, mà á yà sí kọ̀rọ̀.

Mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, mo ṣe ère títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń po símẹ́ńtì dé, mo ní ó dáa, orúnkún wa sinmi. Lẹ́yìn náà ni mọ́ọ̀dù dé: ẹ da símẹ́ńtì sí i láàárọ̀, ẹ yọ kìnnìún lálẹ́, kìnnìún ogún tí ojú wọn rí bákan náà, tí gbogbo wọn ń ya ẹnu bí ẹni tó ń yán. Nísinsìnyí, wọ́n ń tẹ fọ́tò òkú sórí táìsì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ sàréè. Òòrùn ọdún méjì, bàbá ti ṣá, ó ku fìlà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wá bá mi pé, "Bàbá, ẹ bá wa ṣe é bíi ti táìsì." Jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ táìsì! Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọ̀gá mi kú, ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí níbi ìsìnkú wọn. Ọmọ méjì tí wọ́n bí, òkè òkun ni àwọn méjèèjì ń gbé. Wọ́n ní ère ò bá ẹ̀sìn àwọn mu. Wọ́n rẹ́ símẹ́ńtì pẹrẹsẹ lé bàbá wọn lórí lẹ́yìn ilé, kò sí ère, kò sí pátákó. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Mo ní nínú mi pé, ó tán. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyàwó ọ̀gá mi gbé ìwé Bàbá Alájà wá fún mi nínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n gbé e fún ọ, kí n má fún ẹlòmíràn." Mo gbà á, mo jù ú sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́. Mi ò ṣí i. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìwé yẹn ló bà mí láyé jẹ́.

Ó wá ku ìwé tuntun oní-a-kò-mọ̀ yìí. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi wá ẹni tó kọ ọ́ fún mi. Olùkọ́ yunifásítì ni, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó wá. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa. Mi ò jẹ́ kó dìde tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí.

"A kò mọ̀! Ṣé o kan ilẹ̀kùn kankan?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo bi àwọn ẹbí náà ní Ìmùṣin. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀."

"Wọn ò mọ̀? Dúró níbẹ̀! Mà á fi ìwé gidi hàn ọ́, kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nípa oníṣẹ́ ọwọ́!"

Mo fi ìbínú ṣí àpótí, mo fa ìwé Bàbá Alájà jáde láti abẹ́ irinṣẹ́, mo jù ú sórí itan rẹ̀. Ìwé náà ṣí fúnra rẹ̀ sí ojú ewé kan, ojú ewé ìyá tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sórí itan. Bébà àpò símẹ́ńtì kan tí wọ́n ká wà níbẹ̀. Bùkọ́lá tú u.

"Bàbá, ta ni Olúṣẹ́gun?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù káfíńtà ni. Lẹ́tà ńláńlá tó wọ́, bí ìgbà tí ọmọ kékeré ń kọ nǹkan, S rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú. OLUSEGUN. Ọ̀gá mi tí kò mọ orúkọ ara wọn kọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ eéwo bẹ̀rẹ̀ síwájú pátákó yẹn, wọ́n da orúkọ mi kọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì kí n tó gbẹ́ ẹ kúrò, wọ́n sì lọ fi í sí ìdí Bàbá Alájà. Wọ́n gba ère lọ́wọ́ mi níta kí wọ́n lè gba ìyá mi sílẹ̀. Nínú ìwé, wọ́n dá a padà fún mi. Láti ọjọ́ yẹn! Mo sì ń yà fún wọn lójú ọ̀nà títí wọ́n fi kú.

Mo sunkún, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo sunkún bí ọmọdé níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo sọ ìtàn ọ̀gá mi fún un tán, Bùkọ́lá rọra bi mí, "Sàréè ọ̀gá yín ńkọ́, bàbá? Ta ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Èmi tí mò ń bú ẹni tó kọ "a kò mọ̀," èmi tí mo mọ̀, kí ni mo kọ? Símẹ́ńtì pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí inú ń bí mi sí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, èmi náà ni.

Ìyàwó ọ̀gá mi ṣì wà láàyè, wọ́n ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo tọrọ àyè. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ." Ni mo bá gbé irinṣẹ́ jáde. Mo jọ̀ yanrìn fúnra mi. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bá òkúta kan, mo dà á nù, mo tún un jọ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n gba oṣù méjì. Mo mọ ọ̀gá mi ní ìjókòó lórí àpò símẹ́ńtì, ojú òsì wọn là díẹ̀, wọ́n ṣí ìwé lé itan. Lẹ́sẹ̀ wọn, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ OLUSEGUN. Mo yí S rẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Bùkọ́lá bi mí ohun tí òun máa kọ sábẹ́ Bàbá Ìmùṣin bí wọ́n bá tún ìwé òun tẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ pé Ọnàsànyà ló ṣe imú, Ṣẹ́gun ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ìyókù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ dáa, ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi ọ̀gá yín ní ìdí ohun tó bá ṣe nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn. Èmi ò bi wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Àkọ́bí ọ̀gá mi ni, láti òkè òkun. Ẹnìkan ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa.

"Bàbá Ṣẹ́gun, wọ́n ní ẹ kọ orúkọ yín sórí sàréè bàbá wa. Ṣé ọmọ bàbá wa ni yín ni?"

Mo ní, "Èmi nìyí."

Ó ní àwọn máa ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo sọ fún un pé kò burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ò ṣeé rán èèyàn, mo ti ṣe é rí, mo mọ bó ṣe ń dunni. Kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ìyá rẹ̀. Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì wà lẹ́sẹ̀ sàréè níbẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ dè é.

Àárọ̀ yìí ni mo lọ wò wọ́n. Òòlù ti ń dípẹtà.